Ẹ̀ka Igi Tí Manggat Ṣẹ́

Ojúlé karùn-ún ni wọ́n ti bí Manggat. Ojúlé kẹsàn-án ló ti dàgbà.

Ojúlé mẹ́ta péré ló wà láàárín méjèèjì, lábẹ́ òrùlé kan náà, nínú ilé gígùn tó na ara rẹ̀ sí etí odò Entiwan bí ejò tó ń yáàrùn. Bí ẹnì kan bá sín ní ojúlé karùn-ún, ará ojúlé kẹsàn-án á kí i pé pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọjá, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ń kó lọ sí ìlú òkèèrè. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó ká ẹní rẹ̀ mọ́ abíyá.

Jelian ló gbà á tọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò rí ọmọ bí, àwọn òbí Manggat sì ní ọkùnrin mẹ́rin. Wọ́n wá tọrọ, wọ́n fún wọn ní àbíkẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rí i bí ohun ìyanu. Ọmọ tí a bá gbà kì í ṣe àlejò: ó ti di ọmọ ojúlé tuntun, ilẹ̀ oko tuntun, àwo ìrẹsì tuntun. Ti ojúlé àtijọ́ di ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun méjì ni Jelian ní tí ará ilé yòókù kò ní. Èkíní, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ rọ́bà, onírin, ọ̀pá róbótó méjì tó sún mọ́ra, tí a ń fi ọwọ́ yí. Èkejì, etí.

Àwọn ará odò yẹn kì í kọ́ ilé láìgbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹyẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ. Méje péré ló ní àṣẹ. Mẹ́fà nínú wọn gbóná: bí wọ́n ṣe lè tún ọ̀ràn ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè bà á jẹ́. Ìkeje ni nendak. Nendak tútù. Ẹyẹ kékeré abìrùgígùn, orí dúdú tó ń dán, ikùn pupa bí amọ̀, funfun díẹ̀ níbi ìdí. Inú igbó tó ṣú ló ń gbé, nítòsí ilẹ̀, nítòsí omi, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé ẹni tó ń bínú á gbàgbé ohun tó ń bí i. Tí ilé tuntun bá kàn, ẹni tó ń bá ilé gbọ́ ẹyẹ á gun òkè ní ìdájí, á máa rìn títí nendak á fi kọrin lápá òsì rẹ̀. Ibi tó ti gbọ́ ọ gan-an, á ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan níbẹ̀, á mú un wálé.

Ẹ̀ka yẹn ni ilé. Ìyókù kàn jẹ́ pákó àti ìṣó.

Jelian kọ́ Manggat ní méjèèjì, ẹ̀rọ àti etí. Nígbà tí Jelian kú, Manggat jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lọ́dún yẹn gan-an ló gun òkè nítorí oko tuntun. Ó gbọ́ nendak. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣẹ́ kọ́rọ́ níbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì dá a lójú bóyá òsì ni tàbí ọ̀tún. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òsì ni.

Eku jẹ ìrẹsì ojúlé méjìlélógún lọ́dún yẹn.

Ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló burú. Tiong ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ̀rọ̀, ó ní, "Eku ò gbọ́ èdè ẹyẹ. Wá jẹun." Tiong ti kú báyìí, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Láti ọdún eku yẹn, Manggat kò tún méfò rí. Bí kò bá dá a lójú, á sọ̀kalẹ̀ wálé lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún márùndínlógójì.

*

Odò Entiwan ń jẹ ilẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ níbi òpin ilé, ojúlé kejìlélógún, ilé Ìyá Sendi. Ní àkókò òjò tó kọjá, ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ ya lulẹ̀, ó bá omi lọ, tòun ti ìkòkò mẹ́ta àti adìẹ kan tó ń sàba. Ìyá Sendi kó ẹní rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ojúlé kẹsàn-án. Ó ní ẹni tí àìgbọ́ ẹyẹ rẹ̀ ń dá ilé tuntun dúró, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lòun á máa sùn sí.

"Baba Janting, ṣé ẹ̀rọ rẹ yìí ò mọ epo ni? Kẹ̀ẹ̀-kẹ́ẹ́, kẹ̀ẹ̀-kẹ́ẹ́, láràárọ̀! Òkú Jelian ò lè sinmi."

"Bó ṣe ń ké nígbà Jelian nìyẹn."

"Jelian náà ò fi epo sí i. Ojúlé ahun ni wọ́n gbé ẹ fún."

Manggat nìkan ló kù tó ń ṣe rọ́bà. Àwọn yòókù ti bọ́ sídìí ata oníhóró, tàbí kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú bíi Janting ọmọ rẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí òjò kò bá rọ̀, Manggat á ha èèpo igi, á kó oje tó ro sínú ife, á jẹ́ kó dì, á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ nínú ẹ̀rọ, á sì sá a bí aṣọ.

Ilẹ̀ tuntun wà tí wọ́n fẹ́ kó ilé lọ sí. Ẹ̀yìn òkè, ibi tí odò kò lè dé. Wọ́n ti la pákó. Páànù òrùlé wà nílẹ̀, ewé ti ń bò ó. Ẹyẹ ló kù.

Ẹyẹ kò sì sí. Àwọn ará ìlú ti ń wá láti ọdún mélòó kan, pẹ̀lú àwọ̀n àti àtè, wọ́n ń mú nendak lọ há sínú àgò nítorí orin rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Manggat fi gun òkè. Ó gbọ́ ọ̀bọ. Ó gbọ́ òjò. Ó gbọ́ eékún ara rẹ̀.

Nyanggau, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ bí ní ojúlé karùn-ún, ni olórí ilé. Ó máa ń jókòó dè é lórí àkàsọ̀.

"Manggat, ṣé etí rẹ ṣì ń gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, etí mi ò ṣe nǹkan kan. Igbó ló dákẹ́."

"Odò ò dákẹ́ ní tiẹ̀ o."

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́.

Manggat ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òkè. Ìrì ń kán. Eṣúṣú kan ti lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti já a. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ.

Lápá òsì. Ìsàlẹ̀ díẹ̀, nínú kòtò tí ọparun bò. Ohùn náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí po bí omi nínú igbá, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́. Òsì ni. Kò sí kọ́rọ́ kankan níbẹ̀: ọ̀nà náà tọ́ bí ọ̀pá. Bó ṣe ń parí lọ, ó gbọ́ igbe ẹ̀rọ rọ́bà, tínńtín, kẹ̀ẹ̀-kẹ́ẹ́, ó rò pé ilé ti jí nìyẹn. Kò ro ìyẹn mọ́. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi tó sún mọ́ ọn jù, ó fi bọ inú aṣọ rẹ̀, lórí àyà, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ilé gbọ̀n. Wọ́n gbé ọtí ìrẹsì jáde ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ìyá Sendi jó láti ojúlé kẹsàn-án dé ojúlé kọkànlá, ó padà, ó ní ibẹ̀ ni pákó tó ṣì dára mọ. Nyanggau fi ẹ̀ka náà há sórí igi àjà. Ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì la máa gbẹ́ ihò àkọ́kọ́."

Manggat sùn lọ́sàn-án yẹn bí ọmọ tó ti yó.

*

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni Flavia ti dé. Ọmọ ẹ̀yà Bidayuh láti ìhà ìlú Serian ni, tí ilé ẹ̀kọ́ gíga rán wá ka iye ẹyẹ inú igbó. Olùkàẹyẹ ni wọ́n ń pè é. Ó sùn sí ojúlé karùn-ún fún alẹ́ méjì, ó sì gba òdìkejì òkè lọ pàgọ́. Ọjọ́rú, nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó padà wá. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

Wọ́n gbé oúnjẹ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrẹsì àti ẹja odò tí wọ́n sè nínú ọparun. Ìyá Sendi jókòó tì í, ó ń wo ìwé rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí lo ń kọ gan-an? Ṣé ẹyẹ náà ń bèèrè pé kí o kọ orúkọ òun ni?"

Flavia rẹ́rìn-ín. "Orúkọ wọn, Ìyá. Àti ìdílé wọn."

"Ẹyẹ ní ìdílé?"

"Ó ní in. Ẹ wo nendak. Tẹ́lẹ̀, ìdílé àwọn ẹyẹ tó ń tú ewé gbígbẹ kiri nílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kà á mọ́. Ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọmọ ìyá àwọn ẹyẹ tó ń hán eṣinṣin lófuurufú ni. Wọ́n bá gbé e lọ síbẹ̀." Ó kọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é sórí ìwé, *Copsychus malabaricus*. "Málábà jẹ́ etíkun kan ní Íńdíà."

"Nendak tiwa ti dé Íńdíà?" Manggat bi í láti ìdí òpó.

"Rárá o, Bàbá. Nendak ti ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ti ibí wá jẹ orúkọ yẹn mọ́ ọn."

"Wọ́n gbé e kúrò ní ojúlé kan sí òmíràn," Ìyá Sendi sọ, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún Manggat, "bíi ti ẹnìkan tí mo mọ̀. Ṣé ó sunkún?"

"Ẹyẹ náà ò tiẹ̀ mọ̀, Ìyá. Orin tó ń kọ tẹ́lẹ̀ náà ló ń kọ."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Manggat pàápàá rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Báwo lo ṣe ń kà wọ́n nígbà tí o ò rí wọn?"

Flavia fa ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú àpò. "Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Tí ọ̀kan bá wà nítòsí, á dáhùn, nítorí ó máa rò pé ẹlòmíràn wọ ilẹ̀ òun." Ó tẹ nǹkan kan.

Nendak kọrin nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó gòkè. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó yí po bí omi nínú igbá.

Ẹ̀rín Manggat kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń fà nílẹ̀.

"Ibo lo ti mú ìyẹn?"

"Igbó kan ní ìsàlẹ̀ gúúsù, Bàbá. Ọjọ́ méjì sí ibí."

"Ṣé o jẹ́ kó ké níhìn-ín? Lórí òkè wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Lánàá, ní kùtùkùtù. Kòtò tí ọparun wà yẹn. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta, n ò gbọ́ èsì. Omi tó ń ya níbẹ̀ ń pariwo, ni mo bá kúrò. Òdo ni mo kọ." Ó mirí. "Oṣù mẹ́jọ rèé, Bàbá, odò mẹ́rin. Òdo ni mo ń kọ fún nendak."

Ìyá Sendi ń bu ọtí. Kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Manggat gbé ojú sókè sí ẹ̀ka igi tó wà lórí àjà. Ewé rẹ̀ ti ń rọ.

*

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí adìẹ tó sọ̀ kalẹ̀, Manggat ti wà ní ojúlé karùn-ún. Ó jókòó lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Nyanggau, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Nyanggau ń pọ́n ọkọ́ lọ́wọ́. Ó dá a dúró.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi. Ẹ̀yin náà, báyìí."

"Olùkàẹyẹ ńkọ́?"

"Kò mọ ohun tó ṣe. Ẹyẹ ló ń kà, kì í ka ẹ̀ka igi."

Nyanggau wo ojú irin. Ó fi àtàńpàkò tọ́ ọ wò. "Manggat. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ojúlé mẹ́ta á bá odò lọ. Èèyàn ló wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dúró láàárín àwa méjèèjì, ta ni ó máa pa?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ọdún eku."

"Ọdún mélòó lo fẹ́ fi jẹ ìrẹsì ọdún yẹn?"

Manggat rò ó, lóòótọ́ ni. Dídákẹ́ rọrùn. Ilé á dìde, páànù á dán, Ìyá Sendi á ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, tí ọmọ kan bá ṣàìsàn, tí òpó kan bá mì, òun nìkan á mọ̀ pé ohùn ẹ̀rọ Flavia lòun fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé, ohùn ẹyẹ tí kò sí níbẹ̀. Òun á máa mọ̀ ọ́n ní gbogbo òwúrọ̀, títí òun á fi kú.

"Àwọn ènìyàn yìí máa sùn lórí ọ̀rọ̀ mi," ó sọ. "Mi ò lè fi irọ́ tẹ́ ibùsùn fún wọn."

Nyanggau mí kanlẹ̀. Ó gbé ọkọ́ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ọ̀la la dá. Mo fún ọ di òwúrọ̀ ọ̀la. Bí o bá bọ̀ lọ́wọ́ òfo, èmi náà á dìde, màá sọ fún wọn pé kí wọ́n tú ká. Èmi ni màá sọ ọ́. Kì í ṣe ìwọ." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Wọ́n gbé ọ fún ojúlé kẹsàn-án lóòótọ́. Mi ò tíì gbé ọ sọ nù."

Manggat sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Rọ́bà àná wà nílẹ̀, ó ti dì. Ó kàn fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rí nǹkan ṣe. Ó ti rọ́bà bọ àárín ọ̀pá méjèèjì, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó yí i.

Kẹ̀ẹ̀-kẹ́ẹ́.

Ó tún yí i.

Kẹ̀ẹ̀-kẹ́ẹ́.

Ó dúró. Ó fi rọ́bà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdajì inú, ìdajì ìta.

"Ìyá Sendi!" ó pariwo sókè láàárín pákó. "Ìyá Sendi!"

Orí kan yọ lẹ́bàá àkàsọ̀, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. "Kí ló dé? Ṣé ilé ti ya lulẹ̀?"

"Ta ló tẹ rọ́bà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ta ló ní rọ́bà?"

"Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ nìkan ló kù tó ń tẹ nǹkan yẹn! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tiẹ̀ sọ fún Ọlọ́run pé ó ṣeun. Ìwọ wà lórí òkè."

Manggat wà lórí òkè. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ wà nísàlẹ̀ níhìn-ín, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Láti orí òkè yẹn, èèyàn kò tilẹ̀ lè gbọ́ ìbọn tí wọ́n bá yìn létí odò.

Ta ló wá ń ké kẹ̀ẹ̀-kẹ́ẹ́ nínú ọparun?

Nendak máa ń sín ohùn jẹ. Jelian ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Á gba orin ẹyẹ míì, á gba igbe ọ̀bọ, á hun ún mọ́ tirẹ̀. Èyí tó ń gbé nítòsí ilé, ilé ló máa gbọ́. Àwọn igi rọ́bà Manggat dé ìsàlẹ̀ kòtò yẹn gan-an, ẹyẹ lè gba inú wọn wá títí dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹyẹ tó wà nínú ẹ̀rọ Flavia, ọjọ́ méjì ló jìnnà sí ibí. Níbo ló ti máa gbọ́ ẹ̀rọ Jelian?

Manggat jókòó sórí rọ́bà tútù.

"Baba Janting?" Ìyá Sendi ti ń sọ̀ kalẹ̀. "Baba Janting, ṣé ara ẹ yá?"

"Ara mi yá," ó sọ. "Ara mi ń yá bọ̀."

*

Àmọ́ kò fẹ́ méfò. Kódà ìyẹn. Kódà nígbà tó dá a lójú tó báyìí.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì, òun àti Flavia gun òkè. Ó ti ṣàlàyé fún un lójú ọ̀nà, Flavia sì ti sunkún díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí, mi ò mọ̀." Manggat ní kó dákẹ́, kó má bàa lé ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu kòtò, Flavia ki ọwọ́ bọ àpò.

"Pa á," Manggat sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Tí a bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré…"

"Pa á, ọmọ mi. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ."

Wọ́n jókòó. Ìrì. Eṣúṣú. Omi ń ya. Ojú ọ̀run funfun díẹ̀ lẹ́yìn ewé. Flavia wo aago, ó wo Manggat, ó tún wo aago. Manggat ò wo nǹkan kan. Ó di ojú rẹ̀.

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dán ẹnu rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó tú u jáde. Gòkè, sọ̀ kalẹ̀, yí po. Flavia di apá Manggat mú. Orin náà gùn, ó rọra rẹlẹ̀, ó ku díẹ̀ kó parí.

Kẹ̀ẹ̀-kẹ́ẹ́. Kẹ̀ẹ̀-kẹ́ẹ́.

Flavia fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni, tàbí ẹkún, Manggat ò yà á sọ́tọ̀. "Bàbá," ó sọ láàárín ìka, "Bàbá, ẹ̀rọ yín ni!"

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ọ̀kan," Flavia sọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. "Ọ̀kan. Mo ti kọ ọ̀kan!"

Manggat kò ṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn. Èyí tó wà nílé ti tó. Ó mí, èémí kan tó gùn, tó wá láti ìsàlẹ̀ ibi kan tó ti há mọ́ fún ọjọ́ méjì. Bóyá fún ọdún márùndínlógójì.

Gbogbo ilé ti wà lórí ilẹ̀ tuntun nígbà tí wọ́n dé, pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Wọn kò mọ nǹkan kan. Nyanggau nìkan ló dúró gbọn-in, ẹ̀ka igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ kí ó tó bi í léèrè, gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n má fi epo sí ẹ̀rọ."

"Irọ́!" Ìyá Sendi kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹyẹ wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ mú un wá kí ó sọ ọ́ lójú mi!"

Nyanggau bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn yòókù ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Ó na ẹ̀ka náà sí Manggat. Wọ́n gbẹ́ ihò. Ilẹ̀ náà rọ̀, ó pupa, kò sí omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Manggat kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ wọlé títí dé èjìká, ó sì tẹ́ ẹ̀ka náà sí ìdí ihò, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òpó lé e.